Herbert Macaulay: Ìdí tó fi gbé ẹjọ́ Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́dún 1859 ni Àlùfáà Babington Macaulay dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tó wà ní Bàrígà báyìí, sílẹ̀ ní Èkó. Ọmọ rẹ̀ ni Olóògbé Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí wọ́n bí lọ́dún 1864. Awọnlẹ̀ ni.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá, kóòtù wọn nílé sọ pé owó díẹ̀ ló tọ́ sí i. Ẹni tó gba ilẹ̀ ló tún ń dájọ́. Ìdí nìyí tí Herbert fi bá Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920, tòun ti ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó. Lọ́dún 1921, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ dá Olúwa láre.

Àmọ́ Ọba ló jìyà rẹ̀ nílé. Ìjọba ní kó rán alágogo jáde láti kéde pé kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ Herbert. Ọba kọ̀. Wọ́n dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1925. Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n tún gbé ẹjọ́ yìí dé kí Ọba tó padà wálé lọ́dún 1931.

Herbert kú lọ́dún 1946, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ ìlú kọjá òkun, kó má gbàgbé ẹni tó kù sílé.