Ìgbésí Ayé James Churchwill Vaughan: Ọmọ Tí Ó Wá Ilé Bàbá Rẹ̀ Kiri

Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí òwò ẹrú kó rékọjá òkun, àwọn tí ọmọ wọn padà wá sí ilẹ̀ yìí kò pọ̀. Àwọn tí a mọ orúkọ wọn, tí a mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé, tí a sì mọ ìran tí wọ́n bí, tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. James Churchwill Vaughan wà lára àwọn díẹ̀ náà. Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní ọdún 1828, Èkó ni ó sì kú sí ní ọdún 1893. Láàárín ìbí àti ikú rẹ̀, ó gbé ní Ìjàyè, ó gbé ní Abẹ́òkúta, ogun lé e kúrò ní ìlú kan, rògbòdìyàn sì lé e kúrò ní òmíràn. Síbẹ̀, kò padà lọ máa gbé ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ohun tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ kan àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn ni pé ìdílé rẹ̀, lókè òkun àti nílé, gbà pé ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀.

Scipio ni orúkọ bàbá náà. Ìlú Camden ní ìpínlẹ̀ South Carolina ni ó ti ṣe ẹrú fún ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wiley Vaughan. Orúkọ méjèèjì tí ó ń jẹ́ kì í ṣe ti ilé baba rẹ̀. Orúkọ ọ̀gágun ilẹ̀ Róòmù àtijọ́ ni Scipio, irú èyí tí àwọn olówó ẹrú fẹ́ràn láti máa sọ ẹrú wọn, Vaughan sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ìlà ìdílé bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn kò ní orúkọ àbísọ kan tí yóò dì mú, kò sì ní oríkì tí yóò tọ́ka agbo ilé fún un. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1805 ni wọ́n mú Scipio ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, pé ilà wà ní ojú rẹ̀, àti pé ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa, pàápàá iṣẹ́ irin tí a fi ń ṣe géètì àti ọgbà ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló ṣí ọ̀nà fún un. Nígbà tí Wiley Vaughan kú, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ tí Scipio yóò gbà di òmìnira. Maria Conway ni ó fi ṣe aya. Ọmọ òmìnira ni obìnrin náà, ìdílé sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Cherokee, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára rẹ̀. Nítorí pé ipò ìyá ni òfin fi ń mọ ipò ọmọ, òmìnira ni gbogbo ọmọ tí Maria bí.

Ṣùgbọ́n òmìnira náà kò gùn, kò sì fẹ̀. Láti ọdún 1820 ni ìjọba South Carolina ti fòfin de kí olówó ẹrú máa dá ẹrú sílẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní ọdún 1822 ni wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òmìnira ní òyìnbó kan tí yóò dúró fún un gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Wọ́n ń san owó orí tí a dá sílẹ̀ fún irú wọn, ẹni tí ó bá sì jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ padà wọlé. Inú irú ayé yìí ni Churchwill, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Church, dàgbà sí, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Ọdún 1840 ni Scipio kú. Kí ó tó kú, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Church kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà náà. Ó dàgbà pẹ̀lú àṣẹ náà fún ọdún méjìlá mìíràn kí ó tó mú un ṣẹ. Ní ọdún 1852, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tí ẹgbẹ́ kan tí ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú lọ sí Liberia pèsè. Òfin tí a sọ lókè yìí mú kí ìrìn àjò náà wúwo: ẹni tí ó bá lọ ti yọ ara rẹ̀ lára àwọn tí ó lè padà wá kí ìyá rẹ̀ nílé.

Liberia kì í ṣe ilé tí bàbá rẹ̀ ní lọ́kàn. Ní ọdún 1855, Church gba iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì bá wọn wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí, tí T. J. Bowen jẹ́ aṣáájú wọn, ti dé Abẹ́òkúta àti Ìjàyè ṣáájú àkókò náà, ilé gbígbé àti ilé ìsìn sì ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ́. Ìdílé sọ pé nígbà tí Church dé àárín àwọn Yorùbá, ó rí ilà ojú tí ó mọ̀ lára bàbá rẹ̀.

Ìjàyè ni ó fi ṣe ibùgbé. Ìlú ńlá ni, Ààrẹ Kúrunmí ló sì ń ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè lórí ọ̀rọ̀ adé Ọ̀yọ́, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọmọ tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ ìnira bá ara rẹ̀ láàárín ogun. Nínú wàhálà àwọn ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n mú un ní ìgbèkùn, ó bọ́, ó sì gbé ìbọn pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ogun sá wá sí Abẹ́òkúta, tí àdúgbò Àgọ́-Ìjàyè ń rán wa létí wọn títí di òní. Church Vaughan wà lára àwọn tí Abẹ́òkúta gbà.

Báyìí ni ọmọ Scipio ṣe dé àárín àwọn tí ìdílé rẹ̀ pè ní ẹbí. Ó ṣiṣẹ́, ó fẹ́ Sarah Ọmọtáyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ìjà ti wà láàárín ìjọba Ẹ̀gbá àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Èkó ní ọdún 1861. Ọ̀rọ̀ ààlà àti owó ibodè ló bí ìbínú náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ó bú jáde, wọ́n fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì àti ti àwọn tí ó sún mọ́ wọn. Ìfọ́lé ni ìtàn ń pe ọ̀ràn náà. Vaughan pàdánù ohun tí ó ní, ó sì kó ìdílé rẹ̀ gba ọ̀nà Èkó lọ.

Ó ti lé ní ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Èkó ń gbòòrò, àwọn ènìyàn ń kọ́lé, káfíńtà tí ó mọ ohun tí ilé ń fẹ́ sì lè ṣòwò rẹ̀. Ó dá ilé ìtajà sílẹ̀, níbi tí ó ti ń ta irinṣẹ́ àti ohun èlò ìkọ́lé tí ó ń wá láti òkè òkun. Òwò náà gbè é, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú tí ó lówó lọ́wọ́ ní ìlú náà.

Owó kò jẹ́ kí ó gbàgbé ohun tí ó lé e kúrò ní South Carolina. Ní ọdún 1888, òyìnbó tí ó ń darí Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó lé Moses Ládéjọ Stone, oníwàásù ọmọ ilẹ̀ yìí, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ bínú jáde, Vaughan sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Ebenezer, wọ́n sì ń fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìjọ àkọ́kọ́ tí ó dá dúró lábẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ilẹ̀ yìí ni. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Vaughan kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni Scipio jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ó yẹ kí ó gbé ìtàn ìdílé yìí sórí ìwọ̀n. Èkíní, àwọn kan máa ń sọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti mú un ní ọdún 1805. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nǹkan bí ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Ṣáájú ìgbà náà, inú Igbó Ẹ̀gbá ni àwọn ìlú Aké, Òkè-Ọ̀nà àti Gbágùrá wà káàkiri. Bí Scipio bá jẹ́ Ẹ̀gbá, ọ̀kan nínú àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyẹn ni ilé rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ ló sì fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ rọ́pò èyí tí wọn kò mọ̀.

Èkejì, ọdún tí ìdílé dá bá ìtàn South Carolina mu. Láti òpin ọdún 1803 títí di òpin 1807, ìpínlẹ̀ náà tún ṣí ìlẹ̀kùn fún ọkọ̀ ẹrú, nǹkan bí 40,000 ènìyàn sì gba èbúté Charleston wọlé kí òfin ìjọba àpapọ̀ tó fòpin sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó láti ìhà etíkun wa níbí kò pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀kẹta, Lisa Lindsay, onímọ̀ ìtàn tí ó kọ ìwé Atlantic Bonds nípa Vaughan, tọ àwọn àkọsílẹ̀ South Carolina lọ, kò sì rí èyí tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ni a bí Scipio sí. Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni àwọn àmì tọ́ka sí. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbé ilẹ̀ Áfíríkà lọ́kàn títí ọjọ́ ikú rẹ̀ lè má fi ojú ara rẹ̀ rí i rí.

Ohun tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ ni ohun tí Church fúnra rẹ̀ ṣe. Ó kúrò nílé, ó dé Ìjàyè, ó bá wọn jìyà, ó sá wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú wọn, ó bí ọmọ ní ilẹ̀ yìí, ó sì sùn síbẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ kò bá lè so Scipio mọ́ Ẹ̀gbá, ìgbésí ayé ọmọ rẹ̀ ti so ìdílé náà mọ́ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú okùn tí kò já.

Okùn náà kò sì já lápá kejì òkun. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀ láàárín àwọn tí ó wà ní Èkó àti àwọn tí ó kù ní Amẹ́ríkà, ìran lẹ́yìn ìran. Orúkọ pàápàá ń rin ìrìn àjò. Ọmọbìnrin Church ní Èkó ń jẹ́ Aida Arabella, ìyá Jewel LaFontant, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú láti ìran Scipio tí ó di ipò gíga mú nínú ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 1973, ń jẹ́ Aida Arabella pẹ̀lú. Ọmọ ọmọ Church, Dókítà J. C. Vaughan, wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Aida Arabella ti Èkó ló bí Kòfowórọlá Moore, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gba oyè ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Oxford. Ní ọdún 1939, ó fẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tí ó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ni ọkọ rẹ̀. Báyìí ni ìran Scipio ṣe wọ ààfin Aké, bóyá gẹ́gẹ́ bí ẹbí tí ó padà sílé, bóyá gẹ́gẹ́ bí àna.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìpínlẹ̀ wa ló ní ẹni tí ó lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, tàbí bàbá ńlá tí ó ti ibòmíràn wá. Ìdílé Vaughan kò pa tiwọn mọ́ nítorí pé wọ́n lówó. Wọ́n ń kọ ìwé sí ara wọn, wọ́n ń fi orúkọ àgbà sọ ọmọ, wọ́n sì ń sọ ìtàn kan náà fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí àgbà ilé tó lọ, ẹ béèrè orúkọ agbo ilé, oríkì, irú ilà àti ìlú tí ẹ ti ṣí wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ wo ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó ní ilé ìsìn, kí ẹ fi ọdún tí àgbà sọ wé ọdún tí ìlú dó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Amẹ́ríkà, Brazil tàbí Cuba wá béèrè ilé bàbá rẹ̀ lọ́la, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò wá kàn.