Balewa: Iná Kainji tí kò dúró rí

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbin obì ló ń dúró pa á jẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Alhaji Sir Abubakar Tafawa Balewa, Olóòtú Ìjọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, rí pẹ̀lú iná mọ̀nàmọ́ná Kainji.

Oṣù Kejìlá ọdún 1912 ni wọ́n bí Balewa ní agbègbè Bauchi. Kì í ṣe ọmọ ọba rárá. Ó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ó ṣe tíṣà, ó sì tún lọ kàwé sí i ní London ní ọdún 1945. Ní 1952, ó di mínísítà fún ètò iṣẹ́. Ní 1954, wọ́n fi í sí ètò ìrìnnà, èyí tó gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1955 láti wo bí wọ́n ṣe ń lo odò wọn. Ní 1957, ó di Olóòtú Ìjọba.

Nígbà náà, Èkó ti ń rí iná mọ̀nàmọ́ná láti ìparí ọ̀rúndún 19, èédú Enugu sì ni ẹ̀rọ Ìjọra ń jẹ. Ṣùgbọ́n àtùpà elépo ni ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé fi ń ríran lálẹ́.

Ní 1962, ìjọba Balewa dá àjọ tí yóò sé Odò Ọya sílẹ̀. Ní 1964, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 82 dọ́là, àwọn agbaṣẹ́ṣe ará Ítálì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kainji, ní ilẹ̀ Borgu tó wà lábẹ́ Ẹkùn Ìlọrin nígbà náà. Iṣẹ́ náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn tó lé ní 40,000 ló fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀. Omi bo Bussa àtijọ́, ibi tí Mungo Park kú sí ní 1806, wọ́n sì kọ́ Bussa Tuntun.

Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn sọ́jà gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 1966. Wọ́n gbé Balewa lọ ní Èkó, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Bauchi ni wọ́n sin ín sí.

Ní 1967, Ìlọrin di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun tí a mọ̀ sí Kwara lónìí. Ní ìparí 1968, iṣẹ́ parí ní Kainji, Ọ̀gágun Gowon sì ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 1969. Ìlọrin wà lára àwọn ìlú tí iná náà dé, lásìkò Ọba Zulkarnaini Gambari, tó wà lórí oyè láti 1959 títí di 1992. Iná yí ìgbé ayé ìlú padà. Awẹ́dà rí iṣẹ́ ṣe, ẹlẹ́rọ ọlọ kò wá dísù kiri mọ́ bí iná bá wà, ọmọ iléèwé àti ọmọ kéú sì ń kàwé lálẹ́ láìsí èéfín àtùpà lójú wọn.

Borgu bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger ní 1991. Síbẹ̀, omi Kainji ṣì ń yí ẹ̀rọ. Gbèsè kan ló kù nílẹ̀: ọ̀pọ̀ abúlé tí wáyà ńlá gba orí wọn kọjá ṣì wà nínú òkùnkùn. Ọjọ́ tí iná bá dé ọ̀dọ̀ àwọn náà ni iṣẹ́ tí Balewa bẹ̀rẹ̀ yóò tó parí.