John Maynard Keynes: Ẹni Tó Fẹ́ Kí Olówó àti Onígbèsè Jọ Gbé Ẹrù

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, wọ́n ní ká túmọ̀ ìròyìn kan nípa IMF àti Báńkì Àgbáyé sí èdè Yorùbá. Mo pe àwọn méjèèjì ní báńkì. Olùkọ́ wa fi bírò pupa yí i ká, wọ́n ní kí n lọ wádìí ìyàtọ̀ wọn. Ìwádìí yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ John Maynard Keynes.

Wọ́n bí Keynes ní ìlú Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 1883. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni bàbá rẹ̀. Ìṣirò ni òun kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìjọba tó kọ́kọ́ ṣe wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó Íńdíà ní London. Ó kọ ìwé nípa owó Íńdíà ní 1913, bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, ó wà lára àwọn tí ìjọba rẹ̀ rán lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919. Àwọn tó ṣẹ́gun fẹ́ kí Jámánì san owó ìtanràn tó ju agbára rẹ̀ lọ. Keynes rí i pé yóò fọ́ ọrọ̀ ajé Jámánì, yóò sì kó bá gbogbo Yúróòpù. Wọn kò gbọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kọ ìwé tó bẹnu àtẹ́ lu àdéhùn náà.

Ní 1925, ó fẹ́ Lydia Lopokova, oníjó ará Rọ́ṣíà. Ní 1936, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ṣì ń bá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fínra, ó kọ ìwé tó fi yé ayé pé tí aráàlú kò bá lè náwó mọ́, ìjọba ló yẹ kó ná an kí iṣẹ́ lè wà.

Ìpàdé Bretton Woods, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ ti wá kàn wá. Orílẹ̀-èdè 44 ló péjọ níbẹ̀ ní oṣù Keje, 1944. Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní àga tirẹ̀. Ṣáájú ìpàdé yìí, Keynes ti dábàá owó tí àwọn báńkì àpapọ̀ yóò fi máa ṣírò láàárín ara wọn. Ó pè é ní bancor. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ ni: báńkì àti wúrà ní èdè Faransé. Nínú ètò náà, orílẹ̀-èdè tó ń rà ju bó ṣe ń tà lọ yóò sanwó, èyí tó ń tà ju bó ṣe ń rà lọ náà yóò sanwó. Ìdí ni pé gbèsè ẹnì kan ni èrè ẹlòmíràn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Amẹ́ríkà ló ń tà jù nígbà náà, òun ló sì ní wúrà. Ètò Harry Dexter White, aṣojú wọn, ló borí. Dọ́là 35 di iye ounce wúrà kan, wọ́n sì dá IMF àti Báńkì Àgbáyé sílẹ̀. Bancor kú sórí ìwé.

Ní 1945, Keynes fúnra rẹ̀ ló lọ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ owó ní Amẹ́ríkà. Ó ń retí ẹ̀bùn, àwìn 3.75 bílíọ̀nù dọ́là ló gbà bọ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n tó san án tán.

Nígbà tí wọ́n ń ṣí IMF, ó jẹ́wọ́ pé orúkọ àwọn àjọ méjèèjì rú òun lójú: IMF tí wọ́n pè ní àpò owó ló jọ báńkì, báńkì ló jọ àpò owó. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí bírò pupa, mo rẹ́rìn-ín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò wo ilé.

Àìsàn ọkàn pa á ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, 1946, lẹ́ni ọdún 62. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, kò sì bímọ. Lójú Yorùbá, òkú ọ̀fọ̀ ni.

Nàìjíríà wọ IMF ní 1961. Nígbà tí gbèsè wọ̀ wá lọ́rùn, aráàlú ní àwọn kò fẹ́ owó IMF, síbẹ̀ ìjọba Babangida gbé SAP kalẹ̀ ní 1986. Owó náírà já wálẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi nígbà náà. Wọ́n ní ìgbà yẹn ni búrẹ́dì kúrò lórí tábìlì àwọn láàárọ̀. N kò mọ̀ bóyá bancor ì bá dá búrẹ́dì náà padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnì kan ti sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n tó bí ìyá mi, pé kò yẹ kí onígbèsè nìkan máa ru ẹrù náà.