Adéyẹmí Kìn-ín-ní: Aláàfin tó ránṣẹ́ pe òyìnbó

Ọmọ Àtìbà ni Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní, tí wọ́n ń pè ní Alówólódù. Ọdún 1876 ló gorí ìtẹ́ nílùú Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ tí ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀. Apá ọba kò ká ogun náà, ló bá kọ̀wé sí gómìnà Èkó ní 1881 pé kí òyìnbó wá bá wọn là á.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kejì, 1893, ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter. Ogun parí lóòótọ́, àmọ́ àlejò kò lọ mọ́.

Ní 1895, wọ́n tẹ ọkùnrin kan lọ́dàá lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, bí ìdájọ́ ayé ìgbà náà ṣe rí. Ìjìyà yẹn le, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò le. Ṣùgbọ́n ta ló ni ẹjọ́ dídá l'Ọ́yọ̀ọ́? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó n'Íbàdàn, kó ṣọ́jà dé, ó sì yin àgbá lu ìlú lọ́jọ́ kejìlá oṣù kọkànlá.

Wọn kò rọ Adéyẹmí lóyè. Orí ìtẹ́ ló wà títí tó fi wàjà ní 1905, àmọ́ lábẹ́ ojú ajẹ́lẹ̀ ni.