Ògúntọ́lá Sapara

Ògúntọ́lá Sapara (1861–1935) jẹ́ oníṣègùn òyìnbó ọmọ Yorùbá, tí a bí ní ilẹ̀ Sàró, tí ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Èkó. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jùlọ ni bí ó ṣe gbógun ti àrùn ìgbóná ní Ẹ̀pẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Freetown ni wọ́n bí i sí. Iléṣà ni bàbá rẹ̀ ti wá, Ẹ̀gbá sì ni ìyá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ni orúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa á tì, ó sì gba orúkọ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ó gboyè ní ọdún 1895, ìjọba Èkó sì gbà á síṣẹ́ ní ọdún 1896.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ní ọdún 1897, ó kojú àjàkálẹ̀ àrùn ìgbóná ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ènìyàn kì í dárúkọ Ṣànpọ̀nná ní gbangba. Olóde tàbí Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Àwọn àwòrò òrìṣà náà ló ń tọ́jú aláìsàn. Bí aláìsàn bá kú, àwọn ló ń sin ín, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù rẹ̀. Sapara fura pé èrè wà fún wọn nínú ikú. Ó wọ inú ẹgbẹ́ awo náà ní ìkọ̀kọ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, ẹ̀mí òun lè lọ sí i. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í ran ẹlòmíràn. Ohun tí ó rí yìí wà lára ìdí tí ìjọba amúnisìn fi ṣe òfin tí ó de ìsìn náà. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń bọ òrìṣà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó wá lé àrùn náà lọ: ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní ọdún 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Ìtọ́jú aláìsàn

Sapara kò kórìíra ìṣègùn ìbílẹ̀. Ó ṣe ìwádìí lórí ewé àti egbò ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ń lò wọ́n fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó tún bá ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ìdọ̀tí ilé gbígbé jà ní Èkó. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928, ó sì kú ní ọdún 1935.