William Roy, Ẹni tí ó Ya Àwòrán Àwọn Òkè Scotland

Àwọn àgbà a máa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ni kí ọmọ ènìyàn ṣe bí a bá ti lé àwọn baba ńlá rẹ̀ kúrò ní orísun, tí a wó ilé wọn, tí koríko sì hù bo ojúde wọn? Ọ̀ràn yìí ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àwọn ará òkè ilẹ̀ Scotland. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí kò ní wọn lọ́kàn nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti tọ̀ wọ́n wá. William Roy ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1726 ni a bí Roy ní àgbègbè Carluke ní apá gúúsù Scotland. Alábòójútó ilẹ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ ni baba rẹ̀, nítorí náà ilé tí ọ̀rọ̀ ààlà, oko àti ìṣákọ́lẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni ó gbé dàgbà. Carluke àti Lanark ni ó ti kàwé.

Kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun Culloden ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1746. Nínú ogun náà, àwọn ọmọ ogun Ọba George Kejì ṣẹ́gun Charles Edward Stuart, ẹni tí ó fẹ́ gba adé fún baba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Charles ni ó jẹ́ ará òkè apá àríwá, tí èdè wọn jẹ́ Gaelic. Àwọn ọmọ ogun ọba lépa àwọn tí ó sá àsálà wọ inú àwọn òkè, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì ní àwòrán ilẹ̀ gidi tí yóò tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà náà ni ọ̀gágun kan, David Watson, dá a lábàá pé kí a ya ilẹ̀ náà sínú ìwé, kí ó lè rọrùn láti là á já àti láti tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ba. Roy, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ogun ní àkókò náà, ni ó gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́.

Ní ọdún 1747 ni Roy bẹ̀rẹ̀ ní Fort Augustus. Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ náà gbòòrò títí ó fi di ti ẹgbẹ́ mẹ́fà. Awọnlẹ̀ kan, olórí kékeré kan àti ọmọ ogun mẹ́fà ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan a gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo igun. Ẹni méjì a na ẹ̀wọ̀n irin láti fi wọn ilẹ̀. Ẹni méjì a dúró, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni kẹfà a sì máa ṣe ìránṣẹ́. Ojú ọ̀nà àti ipa odò ni wọ́n ń tọ̀, wọ́n sì ń fi ojú díwọ̀n òkè, igbó àti abúlé tí ó wà lọ́tùn-ún lósì. Bí ìgbà òtútù bá dé, wọn a padà sí ilé olódi Edinburgh láti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo.

Nínú àwòrán yìí, íǹṣì kan dúró fún 1,000 yáàdì. Àwọ̀ pupa ni a fi sàmì sí ilé, àwọ̀ ìyeyè sí oko, àwọ̀ ewé sí igbó. Kò ṣàì ní àbùkù. A kò ya àwọn erékùṣù sí i. Bí etí àwọn awọnlẹ̀ sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀ orúkọ Gaelic ni wọ́n kọ ọ́. Roy fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kò pé tó bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1755, nígbà tí ogun pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé ń bọ̀, a dá iṣẹ́ náà dúró, a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

Roy wọ iṣẹ́ ogun, ó sì di ọ̀gágun. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí ilẹ̀ wíwọ̀n. Ní ọdún 1784 ó wọn ilẹ̀ títẹ́jú kan ní Hounslow Heath, lẹ́bàá London, tí gígùn rẹ̀ ju máìlì márùn-ún lọ. Nítorí iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀, Royal Society, ṣe fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá ní ọdún 1785. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1790. Ní ọdún kejì ni ìjọba dá Ordnance Survey sílẹ̀ láti máa ya gbogbo ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àǹfààní iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ wá hàn. Àwọn onílẹ̀ ní àwọn òkè àríwá ti rí i pé èrè orí àgùntàn pọ̀ ju ìṣákọ́lẹ̀ àwọn àgbẹ̀ lọ, wọ́n sì ń lé àwọn ènìyàn kúrò. Ní ọdún 1814 àti 1819, a lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò ní àfonífojì Strathnaver, ní Sutherland, a sì dáná sun òrùlé wọn kí wọn má bàa padà. Àwọn kan lọ sí etí òkun. Àwọn mìíràn wọkọ̀ lọ sí Kánádà àti ilẹ̀ òkèèrè mìíràn. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ Ordnance Survey fi dé Sutherland, ọ̀pọ̀ abúlé ti di ahoro.

Àwòrán Roy fi ọ̀pọ̀ abúlé wọ̀nyí hàn bí wọ́n ti wà kí a tó tú wọn ká. Ọmọ tí ó bá ń wá ìran rẹ̀ a kọ́kọ́ rí orúkọ abúlé nínú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀. A wá odò tàbí òkè tí ó súnmọ́ ibẹ̀ nínú àwòrán Ordnance Survey, kí ó tó yíjú sí ti Roy. Bí orúkọ kò bá bára mu, a pè é sókè kí etí lè mọ ohun tí ojú kò mọ̀. Àmì pupa kò sọ orúkọ ẹni tí ó gbé inú ilé, kò sì fi iye ilé hàn gan-an, ṣùgbọ́n ó ń tọ́ka sí ibi tí iná ààrò ti ń jó rí.

Nítorí àtitẹ àwọn ará òkè lórí ba ni a ṣe bẹ àwòrán yìí níṣẹ́. Ṣùgbọ́n Roy kò fo abúlé tálákà nígbà tí ó ń ya ilé olódi àwọn ìjòyè. Nítorí ìṣọ́ra yìí ni ohun èlò ogun ṣe di ohun tí ń mú ọmọ padà sí orírun. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́ kò lè mọ ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.