Adolf Hitler: owó tó wọlé lórí ìwé ìkórìíra rẹ̀, ta ló yẹ kó jẹ ẹ́?

Orúkọ Hitler kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni. Kódà, tí ọ̀gá kan bá le jù níbi iṣẹ́, orúkọ yìí làwọn èèyàn máa ń fi pè é lẹ́yìn. Ogun tó dá sílẹ̀ la mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìwé ló kọ́kọ́ sọ ọkùnrin náà di olówó, àti pé owó ìwé ọ̀hún ṣì ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ta ló wá ń gbà á? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á?

Ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 1889 ni wọ́n bí Adolf Hitler sí ìlú Braunau lórílẹ̀-èdè Austria, nítòsí ẹnubodè Jámánì. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà kú lọ́dún 1903, ìyá rẹ̀ náà sì kú lọ́dún 1907. Iṣẹ́ àwòrán yíyà ló wu ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà nílùú Vienna kọ̀ láti gbà á. Ó wá ń ya àwòrán kéékèèké tà kó lè rí oúnjẹ jẹ. Lọ́dún 1913 ló kó lọ sí Munich ní Jámánì, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, ó wọṣẹ́ ológun.

Jámánì pàdánù ogun náà lọ́dún 1918. Ebi, ìtìjú àti ìbínú gba gbogbo ìlú. Hitler kò wádìí ohun tó fà á, àwọn Júù ló di gbogbo ẹ̀bi rù. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, òun àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbìyànjú láti fipá gbàjọba ní Munich. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 5, ṣùgbọ́n kò lò tó ọdún kan lẹ́yìn ìdájọ́ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n Landsberg yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tó pè ní Mein Kampf, ìyẹn Ìjàkadì Mi.

Ìkórìíra ló kún inú ìwé náà. Àwọn Júù ló dojú kọ jù, ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú náà kò mórí bọ́. Ẹ̀dá tó rẹlẹ̀ ló kà wá sí.

Ọdún 1925 ni apá kìíní ìwé náà jáde, owó rẹ̀ jẹ́ máàkì 12, èyí tó wọ́n gan-an nígbà yẹn. Ọjà kò kọ́kọ́ yá. Lọ́dún 1928, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ni wọ́n tà. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ṣe ń gbèrú, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń tà. Lóṣù kìíní ọdún 1933, ó di olórí ìjọba. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ìwé tí wọ́n ti tà ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ta á. Láti ọdún 1936, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tọkọtaya tuntun ní ẹ̀dà kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ní kóòtù. Owó ìlú ló ń ra ìwé, ìpín òǹkọ̀wé sì ń bọ́ sápò olórí ìlú. Nígbà tó dórí àlééfà, ó kéde pé òun kò nílò owó oṣù ìjọba, aráàlú sì ń yìn ín. Kí ló fẹ́ fi owó oṣù ṣe? Owó orí tó jẹ ìjọba lé ní 400,000 máàkì, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí sì fà á nù pátápátá. Kó tó kú, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 12.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tó wà nínú ìwé di iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba. Mílíọ̀nù 6 àwọn Júù ni wọ́n pa. Lóṣù kẹfà ọdún 1940, lábúlé Chasselay nítòsí Lyon ní Faransé, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́tọ̀ lára àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ogun, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ibi ìsìnkú wọn, tí wọ́n ń pè ní Tata Sénégalais, ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1945 ni Hitler pa ara rẹ̀ ní Berlin. Nítorí pé Munich ni àdírẹ́sì ilé rẹ̀ wà, ìjọba ìpínlẹ̀ Bavaria ló jogún ẹ̀tọ́ orí ìwé náà. Wọ́n kọ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀ ní Jámánì títí ẹ̀tọ́ ọ̀hún fi parí lópin ọdún 2015.

Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé owó náà nígbà ogun, wọ́n kó o sínú àpò tí wọ́n fi ń ṣèrànwọ́ fáwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́. Lọ́dún 1979, ilé iṣẹ́ Houghton Mifflin tó ń tẹ̀ ẹ́ ra ẹ̀tọ́ náà padà ní 37,254 dọ́là, èrè sì ń wọlé fún wọn. Ìgbà tí oníròyìn kan tú u síta lọ́dún 2000 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó náà ta àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ. Awuyewuye tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2016 lórí ẹni tó yẹ kó gbà á, kó tó di pé wọ́n gbé e fún ẹgbẹ́ Júù kan ní Boston tó ń tọ́jú àwọn arúgbó tó yè bọ́ lọ́wọ́ Hitler.

Ní London ńkọ́? Láti ọdún 1976, ẹgbẹ́ aláàánú kan, German Welfare Council, ló ń gba ìpín òǹkọ̀wé lábẹ́lẹ̀. Owó náà lé ní ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn kí àṣírí tó tú lọ́dún 2001. Ẹgbẹ́ náà sọ pé àwọn ò gbà á mọ́.

Ní Faransé, ilé iṣẹ́ Fayard gbé ẹ̀dà tuntun jáde lọ́dún 2021, tí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣàlàyé irọ́ inú rẹ̀ lójú ìwé lójú ìwé. Kí wọ́n tó ta ẹyọ kan ni wọ́n ti kéde pé gbogbo èrè yóò lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń tọ́jú àgọ́ ikú Auschwitz. Kò sẹ́ni tó ní àṣírí kankan tú.

Ẹnìkan lè ní owó kò lóòórùn, àti pé arúgbó tó ń ṣàìsàn kò ní bi dókítà léèrè ibi tí owó oògùn ti wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Sísun owó náà níná kò ní jí òkú kankan dìde. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú wọ̀nyí hàn kedere. Tí owó irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá máa wúlò, ojútáyé ni kó ti wọlé, ọwọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà pa lára ni kó bọ́ sí, àwọn fúnra wọn ni kó sì sọ bóyá àwọn fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń gbà á níkọ̀kọ̀ ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò dáa. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Kosofe. Ọjà Mile 12 ni Yorùbá, Hausa àti Ígbò ti jọ ń ta tòmátò, ata àti àlùbọ́sà. Síbẹ̀, lóṣù kọkànlá ọdún 1999, àti lóṣù kẹta ọdún 2016, ìjà ẹ̀yà ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, títí ìjọba fi ti ọjà pa lọ́dún 2016. Alátòmátò tí ẹrù rẹ̀ bà jẹ́ mọ ohun tí ìkórìíra ń náni.

Lónìí, kò dìgbà téèyàn bá kọ ìwé. Fídíò tó ń bú ẹ̀yà mìíràn ń wọlé sórí fóònù wa, ẹni tó ṣe é sì ń gba owó bí èrò bá ṣe ń wò ó tó. Àwọn tọkọtaya Jámánì tí wọ́n fún níwèé lọ́jọ́ ìgbéyàwó kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwa là ń fọwọ́ ara wa tẹ fídíò, tí a tún ń fi ránṣẹ́ sí ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti san owó fún un nìyẹn. Kí ẹ tó tẹ ìkejì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló máa jẹ èrè rẹ̀, ta ló sì máa san gbèsè rẹ̀?